Ẹ̀dà Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹ̀

Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù òpópónà Rye Lane ni mo mọ̀ lórúkọ, àfi ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kì í tú kọ̀ǹpútà kankan láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀. Ara fu mí. Ohùn ọkọ mi tó kú ló wà nínú tèmi tó ti ń dákú, tí mo gbé wá fún un, ó sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

“Pa ẹ̀dà ọwọ́ ẹ rẹ́!” ni mo wí.

“Mummy, ẹ̀dà tí a ò bá tíì dá padà sínú díìsìkì mìíràn wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbọ́kàn lé e.”

Ó dá a padà sínú díìsìkì òfìfo níṣojú mi. Ohùn náà jáde: “Ìyá Kẹ́mi, ṣé o ti jẹun?”

Ọkùnrin náà rọra bọ́ síta, ó ní òun ń lọ ra tíì. Nígbà tó dé, ó kó ẹ̀dà méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Mo dá ọ̀kan padà fún un.

“Bá mi tọ́jú ẹ̀. Kí lorúkọ ẹ?”