Olùkọ́ Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀ Létí Ilẹ̀ Mi

"Méjìdínlógójì, mọ́kàndínlógójì, ogójì." Ohùn yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé kan, kí n tó rí ẹni tó ni ín. Ìrì ṣì wà lórí koríko, òórùn àbàtà ẹ̀yìn Ìgándò ṣì nípọn nínú imú bí ewé tó ti rà sínú omi, èmi sì wà lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì mi, mo ń ṣán igbó tó ti bo ìpìlẹ̀ ilé tí mo fẹ́ kọ́. Mo na ọrùn wò. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó ń bọ̀ láti etí kòtò omi ńlá. Nígbà tó ka ogójì tán, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ẹnu ààlà mi, ó fi ọwọ́ kan ti igi náà, ó ṣí ìwé kékeré kan, ó sì ń kọ nǹkan sí i. Èèyàn mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀ mi.

Ẹni tó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ kò ní bi mí léèrè ìdí tí ọkàn mi fi fò sókè. Ní àdúgbò tiwa, ẹni tó ní ilé á kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, síbẹ̀ wọ́n á tà á mọ́ ọn lórí. Ẹni tó bá ń ka ìṣísẹ̀ nínú igbó, tí ẹlòmíì ń tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ wọ̀n, àwọn tó ń tẹ̀ lé e sì ni oníbàárà. Kò sí ẹni tó mọ èyí jù mí lọ. Bíríkìlà ni mí. Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìkọ̀tún, kò sí òpópónà kan tí mi ò ti ní ògiri tó dúró ṣánṣán níbẹ̀. Ẹ́ńjíníà tó kàwé dé Yúróòpù ti dúró wò mí rí, ó ní òun kò rí ọwọ́ bí ọwọ́ mi. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi kì í ṣe oògùn mọ́ nígbà náà, oúnjẹ ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Bíríkìlà," bàbá náà ní. Ìgbà yẹn ni mo dá a mọ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Èkìtì, òpópónà kejì sí tiwa ló ń gbé ní Ìdímù.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kí lẹ wá ń wá níbí?"

"A wá wòran ni."

"Ìran wo? Ṣebí koríko àti omi dídọ̀tí ni gbogbo rẹ̀."

Obìnrin nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín wọn, ará Oǹdó, ló dá mi lóhùn. "Àwọn lékèélékèé yín la wá kí o. Àwọn ló pè wá, kì í ṣe ẹ̀yin." Ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ funfun náà fi gbéra lórí igi máńgòrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni gbọn aṣọ àlà, tí wọ́n sì fò lọ wá oúnjẹ wọn. Àwọn èèyàn náà pàtẹ́wọ́. Èmi kò wo ẹyẹ. Ìwé ọwọ́ olùkọ́ ni mò ń wò.

Mo béèrè ohun tó ń kọ. Ó ní, "Ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ." Ẹ gbọ́ èsì yẹn ná. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń rìn káàkiri ní àràárọ̀ Sátidé láti wo àdúgbò. Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gun ọ̀kadà lọ sí mọ́sálásí tó wà ní ìkángun òpópónà?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, pé ara ló ń fẹ́ ìdárayá. Mi ò sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ mú olè, ẹ̀yìn olè náà ló yẹ kó máa rìn.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rìn. Àá gbéra ní Ìdímù kí oòrùn tó yọ, àá gba Ìkọ̀tún kọjá kí ọjà tó tú síta, àá sì wọ àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ sí Ìgándò. Olùkọ́ á fi kànga àtijọ́ kan hàn wá, á sọ irú igi tó wà níwájú mọ́sálásí kan tó ti pẹ́, á gbé wa gun orí òkè kékeré kan tí a ti ń rí òrùlé bí ẹní tí wọ́n tẹ́ síta. Bó bá ti ń fi igi hàn wọ́n, èmi á máa fi ògiri hàn wọ́n. "Ẹ wo ilé yẹn, èmi ni mo rẹ́ ẹ." Nọ́ọ̀sì á ní, "Ọ̀gá Bíríkìlà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ rẹ́ ojú ọ̀run náà?" Mo jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, èmi náà ń ṣọ́. Gbogbo Sátidé, ibikíbi tí a bá gbà, a máa ń parí rẹ̀ sí etí kòtò omi yẹn, olùkọ́ á sì ka ogójì ìṣísẹ̀ dé ìdí igi mi, á fara ti i, á kọ̀wé. Mi ò lè ka ohun tó ń kọ, mi ò sì lè ní kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi, nítorí wọn ò mọ̀ pé mi ò lè kà á.

Ọjọ́ kan wọ́n ní ká lọ sí igbó tí wọ́n so afárá mọ́ orí igi nínú rẹ̀, ní apá Lẹ́kìí lọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀sì tí a háyà dé òpin Ìkọ̀tún kí èrò burúkú kan tó sọ sí mi lọ́kàn: wọ́n ń gbé mi jìnnà síbi tó yẹ kí n wà ni, kí àwọn yòókù wọn lè ráyè wọ ilẹ̀ mi. Nígbà tí a fi dé orí afárá náà, òógùn ti bò mí. Èmi tí mo máa ń dúró lórí pákó ní àjà kẹrin láìdi nǹkan kan mú, mo di okùn afárá mú bí ẹni pé ọmọ mi ni. Mo fi ọwọ́ kan tẹ ìyàwó mi láago.

"Lọ bá mi wo ilẹ̀ yẹn. Wò ó bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo lẹ wà?"

"Mo wà lórí igi."

"Orí igi kẹ̀? Bàbá Ìbejì, ta ló lé yín débẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹwọ́ lára okùn náà. Kò ṣẹ̀ yín." Ọ̀bọ kan jókòó sórí ẹ̀ka ní ìsàlẹ̀, òun náà ń wò mí. Ìyàwó mi padà pè, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ náà àfi àwọn aláǹgbá. Kàkà kó tù mí lára, mo ní wọ́n ti gbọ́ pé ó ń bọ̀ ni wọ́n ṣe sá.

Ọ̀rọ̀ tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni èyí tí olùkọ́ bi mí nígbà tí a ń padà bọ̀. Ó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, ó rọra sọ̀rọ̀. "Igi máńgòrò yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín?" Mo ní èmi ni. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ilé?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó mi orí, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ nǹkan. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi kedere. Igi yẹn ni àmì tí wọ́n fi ń júwe ilẹ̀ mi fún ẹni tó fẹ́ rà á. Bí igi náà kò bá sí mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ júwe?

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo mú agégi kan wá. Igi náà ti dàgbà, kò so mọ́, ẹ̀rọ sì gé e wálẹ̀ kí a tó kírun Àsárì. Èmi ò fi mọ síbẹ̀. Mo hú kùkùté rẹ̀, mo kó o jìnnà, mo da iyanrìn bo iwájú ilẹ̀ náà láti ìkángun kan dé ìkejì, mo sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo ń nu ọwọ́ nígbà tí àwọn lékèélékèé dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bọ̀ wálẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọn ò bá ẹ̀ka. Wọ́n yí ká, wọ́n tún yí ká, wọ́n ń ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n forí lé apá Ìjẹ̀gùn.

Ní Sátidé, mi ò bá wọn rìn, ilẹ̀ ni mo dúró dè wọ́n sí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti etí kòtò omi. Ó kà á dé ogójì, ó dúró lórí iyanrìn, ó na ọwọ́ láti fara ti igi, ọwọ́ náà wà nínú afẹ́fẹ́.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Èmi ni mo ni ín."

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ni ín." Ó kọ̀wé díẹ̀, ó sì yí padà. Nọ́ọ̀sì kò yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ó kàn wò mí ni. Mo lọ sílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti borí wọn.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ gan-an, omi àbàtà wọ orí iyanrìn mi, ó sì padà. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí tó ta ilẹ̀ fún mi dé, ó ń gún èèkàn mọ́lẹ̀. Èèkàn rẹ̀ gba àárín ìpìlẹ̀ mi kọjá. Mo gbé ṣọ́bìrì, ó ní kí n fara balẹ̀, kí n mú ìwé mi wá. Olórí ẹbí wọn, bàbá arúgbó kan tí kì í pariwo, ní kí wọ́n ka ìwé náà sókè. Ìwé ní ilẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi máńgòrò.

"Ó dáa," bàbá náà ní. "Ìwé ń sọ̀rọ̀ igi. Fi igi hàn mí."

Wọ́n ti ka ìwé yẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo rà á, ṣùgbọ́n ìfura ti gba gbogbo àyè tó yẹ kí ìrántí wà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀. Mo gbẹ́ ibi méjì tí ojú mi sọ pé ibẹ̀ ni, omi ló ń sun níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹbí náà ń rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyàwó mi kò bú mi. Ó kàn ń gbá ilẹ̀ lọ. "Ẹ lọ bá bàbá tẹ́ ẹ lé," ó ní. "Òun ló ń ka ìṣísẹ̀." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọjá níwájú ilé olùkọ́ kí n tó lè wọlé. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó kàn wọ bàtà kánfáàsì rẹ̀ ni.

Lórí ilẹ̀ náà, níwájú gbogbo ẹbí yẹn, ló ti ka ìwé kékeré náà sókè, Sátidé kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ ọ́ kí ìjà kankan tó wà: ogójì ìṣísẹ̀ láti etí kòtò omi dé ìdí igi máńgòrò Ọ̀gá Bíríkìlà, iye lékèélékèé tó rí, ẹyẹ ẹ̀gà méjì, ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kó rí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ síbì kan pé, "Màá bẹ Ọ̀gá Bíríkìlà kó má gé igi yìí." Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó wá lọ sí etí kòtò omi, ó ń kà á bọ̀, ó sì dúró. A gbẹ́ ibẹ̀. Lábẹ́ iyanrìn mi tó mọ́, gbòǹgbò máńgòrò tó gé kù nígbà tí mo hú kùkùté ṣì wà níbẹ̀. Olórí ẹbí ní kí wọ́n tu èèkàn.

Nígbà tí a ń lọ sílé ni mo bi í ìdí tó fi ń ka ìṣísẹ̀. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí òun sì máa sinmi bí àyà òun bá ti ń lù kìkì. "Igi yín ni mo fi ṣe ibùsinmi," ó ní.

Ó ti padà sí Èkìtì báyìí. Ilé mi ti dúró sórí ilẹ̀ náà, kò sì sí ilé tó rẹwà tó o ní gbogbo agbègbè yẹn, ẹ lè wá wò ó. Dókítà ti bá èmi náà sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àràárọ̀, mo máa ń rìn létí kòtò omi, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Ní òdìkejì, ọkùnrin kan ti ra ilẹ̀, igi àfọ̀n kan sì wà lórí rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, lékèélékèé méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síbẹ̀. Mo rìn súnmọ́ ọn lọ́jọ́ kan kí n lè rí wọn dáadáa.

"Bàbá," ọkùnrin náà ké sí mi láti ibi ìpìlẹ̀ rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló rán yín wá wọn ilẹ̀?"

Mo ní ẹyẹ ni mò ń wò. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo igi náà, ó tún wo ẹsẹ̀ mi. Mo mọ irú ojú yẹn. Mo kí i, mo sì yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, inú ọkàn ni mo ti ń ka ìṣísẹ̀ mi, ètè mi kì í mì.