Wákàtí Márùn-ún Ló Kù Kí Eré Ọkọ̀ Parí

Lọ́dọọdún nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí gọ́tà kulósì tí ilé wa wà ní Fẹ́sítáàkì bá ti kún bo ojú ọ̀nà, ni èmi àti bàbá mi máa ń jókòó wo ọkọ̀ tó ń sáré fún odidi wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń sá a. Awakọ̀ mẹ́ta ló ń pín ọkọ̀ kan wà: bí ọ̀kan bá ń sùn, òmíràn á máa wà á, ọkọ̀ kò sì ní dúró àfi tó bá yà gba epo tàbí tó fẹ́ pààrọ̀ táyà. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ló ń bẹ̀rẹ̀ lágogo tiwa, aago mẹ́ta ọ̀sán Sọ́ńdè ló sì ń parí. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, máa ń sọ pé iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni. Dádì á dáhùn pé iṣẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni.

Ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ ṣe ni Dádì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìgbàgbọ́ wọn nípa ọkọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọkọ̀ bá ti sọ fún ẹ pé ara òun kò yá, yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú máa ń bí wọn gidigidi bí tíìmù kan bá mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti ní àbùkù, tó wá ń rọra fà á lọ nítorí pé ó wà níwájú. "Ẹni tó bá wọlé lọ tún un ṣe, ó ṣì máa jáde," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹni tó ní òun á rọra wà á délé, okùn ni wọ́n á fi fà á délé." Ọgbọ́n wọn pọ̀ nídìí ọkọ̀. Nídìí ara tiwọn, olóríkunkun ni wọ́n, èmi náà sì jọ wọ́n.

Ṣọ́ọ̀ṣì la ti jí ọgbọ́n tí a fi ń wo eré náà. Bí ìjọ wa bá ń ṣe àdúrà àìdákẹ́ fún ọ̀sán àti òru kan, wọ́n á pín wákàtí fún àwọn ọmọ ìjọ, ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹni tó tẹ̀ lé e á fi kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Dádì ṣe máa ń gba wákàtí méjì méjì lọ́wọ́ ara wa. Àga iwájú tẹlifíṣọ̀n kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹni tó fẹ́ lọ sùn á kọ́kọ́ ròyìn fún ẹni tó jí: ta ló wà níwájú, ta ló ti já kúrò nínú eré, táyà wo ni wọ́n fi sí i. Á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mọ́mì máa ń ní a ti sọ àdúrà di yẹ̀yẹ́, pé Ọlọ́run á bi wá léèrè. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín nígbà yẹn.

Dádì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú oògùn tí dókítà fún wọn, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé e mì, ilé ìtọ̀ ni wọ́n á máa sáré lọ ní gbogbo àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti máa ń fo oògùn yẹn lọ́jọ́ eré kí wọ́n má baà máa dìde lórí àga. Mo mọ̀. Lọ́dún kan, mo rí kóró rẹ̀ lábẹ́ sọ́sà tíì wọn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi dà á nù kí Mọ́mì má baà rí i. Àṣírí èmi àti Dádì ni, inú mi sì ń dùn pé mo ní àṣírí pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo gbogbo ìdánrawò tó ṣáájú eré pẹ̀lú. Ọjọ́rú ni wọ́n ti pa oògùn náà tì.

Láàárọ̀ Sátidé, mo bá wọn nídìí tábìlì, wọ́n ń da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Omi ń ṣàn bọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣì ń dà á. Mo ní, "Dádì, ẹ ti ń tòògbé kí eré tó bẹ̀rẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Mo fi aṣọ ìnulẹ̀ nu omi náà, mo sì lọ wo epo inú jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tó ń bọ̀ ló gba ẹnu Dádì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà kan wà tí eré yìí fẹ́ kú, tó jẹ́ pé bóyá ilé-iṣẹ́ kan tàbí méjì ló ń mú ọkọ̀ wá sí ìpele tó ga jù. Ní báyìí, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti tún rọ́ wọlé, àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣètò eré náà ní lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oríṣi òfin méjì tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ náà yóò di ẹyọ kan, àti pé bó bá pẹ́ títí, ọkọ̀ tó ń lo háídírójìn dípò epo yóò wọlé. Dádì ka gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka ogún tí wọ́n máa pín fún un. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà.

"Kì í pẹ́, ṣé o rí i," ni wọ́n wí. "Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ báyìí, ìnáwó ló máa ń pa wọ́n. Ẹnì kan á kọ́kọ́ ní òun ò ṣe mọ́, ìkejì á tẹ̀ lé e, gbogbo wọn á tú ká. Ọdún mẹ́ta sí i ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí n rí i kó tó bàjẹ́."

Mo ní, "Àmín," ṣùgbọ́n fóònù mi ni mò ń wò.

Òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Mọ́mì wọ bàtà rọ́bà láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n sì wo Dádì.

"Dádì, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó jàre."

Mọ́mì yíjú sí mi. "Ṣé wọ́n ti lò ó?"

Mo ní, "Wọ́n ti lò ó, Mọ́mì."

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, Dádì wá gba àga lọ́wọ́ mi. Wákàtí márùn-ún ló kù. Ọkọ̀ funfun kan tí Dádì ti ń tì lẹ́yìn láti ọdún pípẹ́ ló wà níwájú, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí lójú wa. Mo ròyìn fún wọn bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n mú báírò, wọ́n fẹ́ kọ ọ́. Ìlà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ dára. Èyí tó tẹ̀ lé e dà bí ẹni pé ìwé náà ń rọra yọ̀ lọ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gba wákàtí kan sí i, Dádì, oorun ń kùn yín." Wọ́n ní rárá, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn wúwo nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo lọ jókòó lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí èmi náà fẹ́ rí òpin rẹ̀.

Kò pẹ́ tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbi táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ funfun náà. Díẹ̀ ni, ó ń yọ, ó ń pa rẹ́. Tíìmù rẹ̀ kò pè é wọlé. Ó yíká, ó tún yíká. Dádì bínú, wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Kí wọ́n... pè é wọlé!" Ọ̀rọ̀ náà ń lọ́ pọ̀ lẹ́nu wọn. Èmi náà ń pariwo pé, "Ẹ pè é wọlé! Ṣé ẹ ò rí i ni?" Àwa méjèèjì la jọ ń kígbe lé ọkọ̀ tó wà lókè òkun lórí.

Báírò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú un nílẹ̀. Dádì kì í fi ọwọ́ òsì mú nǹkan, wọn kì í tiẹ̀ gbà kí ọmọ wọn fi ọwọ́ òsì gba oúnjẹ. Mo wo ojú wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn ti wọ́ sílẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Wọ́n mi orí. "Jẹ́ kó... wọlé ná."

Mo padà jókòó. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju báyìí lọ: mo rí ohun tí mo rí, mo sì jókòó. Àga kò gbọdọ̀ ṣófo, ọkọ̀ náà wà níwájú, wọ́n sì jẹ́ bàbá mi. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá láti ìgbà tí báírò ti bọ́ kí ọkọ̀ náà tó yà wọlé, kí Dádì tó rọra fì sí ọ̀tún bí àpò tí wọn ò so lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé lókè wa ló fi ọkọ̀ gbé wa. A fẹ́ gba ọ̀nà Kúje, omi ti bò ó, a sì yí padà gba ẹ̀yìn ẹ̀sítéètì Rájí Ràsákì lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan níbẹ̀. Mo ti fóònù Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe ń gbé Dádì sórí bẹ́ẹ̀dì ni Mọ́mì wọlé pẹ̀lú Bíbélì lábíyá, aṣọ wọn rin gbingbin.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ sọ òótọ́ fún mi o, òun ni dókítà máa fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Mọ́mì ń wò mí. Mo ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, mà. A ò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ yẹn pa Dádì lára, mi ò sì láyà láti bèèrè. Rọpárọsẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, dókítà pe Mọ́mì àti èmi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n kí a bẹ̀rù èkejì, torí èkejì kì í ṣe àwàdà. "Ẹ má wo ọ̀nà jíjìn, mà," ni wọ́n wí. "Ẹ máa wò ó láti oṣù dé oṣù." Ọkọ̀ funfun náà kò parí eré. Ọjọ́ kẹta ni mo tó kà á.

Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ka ìròyìn eré náà fún Dádì lórí fóònù. Apá ọ̀tún wọn kò gbé sókè, ọ̀rọ̀ wọn sì ń wá lẹ́yọ lẹ́yọ. Ti ọdún tó ń bọ̀ nìkan ni mo máa ń kà. Ohunkóhun tó bá ti kọjá ìyẹn, ṣe ni mo máa ń fò ó, torí n kò lè pe ọdún yẹn sétí wọn kí ohùn mi má yí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìròyìn gígùn kan jáde nípa àwọn tó ń bọ̀ àti òfin tuntun náà. Mo ka ti ọdún tó ń bọ̀ tán, mo sì fẹ́ pa fóònù.

Dádì ní, "Ọdún... kejì?"

"Wọn ò tíì kéde rẹ̀, Dádì."

Wọ́n gbé itọ́ mì. "O ń... purọ́." Wọ́n sinmi. "Bíi ti... nọ́ọ̀sì."

Ojú wọn wà ní pípadé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù níjọ́ náà, mo sì ti rò pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé Mọ́mì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì wo?" ni Mọ́mì bi mí. "Kí lo sọ fún nọ́ọ̀sì?"

Dádì kò mú ojú kúrò lára mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ ti ogójì ìṣẹ́jú náà fún Mọ́mì.