Ẹ̀rí Ọkọ Mi àti Ìnṣọ́ránsì Ilé Wa

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í dúró kí ara ẹni yá tán kí a tó dúpẹ́ pé ó ti yá. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ á bọ́ síwájú, á ní òun ti ríṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á jó. Ìgbàgbọ́ là ń pè é, a ò sì rò pé irọ́ wà níbẹ̀ rárá. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ. Bó bá ń húkọ́, tí mo bi í pé ṣé òtútù ti mú un ni, á ní, "Òtútù wo? It is well." Á tún húkọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ilé wa bá ń jóná, yóò ní ilé kàn ń móoru ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra. Dókítà kọ oògùn fún un, ó sì ń lò ó láràárọ̀. Èmi ni mo máa ń tò ó sínú ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pín sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó gba máìkì, ó ní Olúwa ti wo òun sàn, pé òun ti da gbogbo oògùn òun nù. Ìjọ hó yèè. Oògùn tó ní òun ti dà nù, ó ti lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó wọ bàtà. Nígbà tí a délé, mo bi í léèrè. Ó ní, "Mo sọ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa ṣẹ ni." Mo ní kó wá jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà la fẹ́ ra ilé kan ní Blackley, nílùú òyìnbó tí a wà yìí. Alágbàtà tó bá wa wá mọ́gẹ́ẹ̀jì, owó tí báǹkì ń yáni fi ra ilé, ọmọ ìjọ wa ni. Ó kéré sí wa dáadáa, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ọkọ mi, ní ìlú tí àwọn ọmọ tí a bí nínú ara wa ti ń juwọ́ sí wa bí ẹni ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Ta ni yóò gba ìwé lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó ní òun fẹ́ kà á kí òun tó buwọ́ lù ú? Ó wá sílé wa, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún ike oògùn ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè tẹ́ ìwé. Mo rí i. Ó sọ owó iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ́n, a ò sì dúnàá-dúrà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ìnṣọ́ránsì kan wà tó máa san gbèsè ilé tán bí ohunkóhun bá ṣe ọkọ mi.

"Ohunkóhun ò ní ṣẹlẹ̀," ọkọ mi ní.

"Àmín, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Any medication, sà?"

"Mo ti gba ìwòsàn mi. Ṣebí o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mo wà níbẹ̀, sà. Glory be to God. Mo fi No síbẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ mi buwọ́ lù ú. Mo gbé oúnjẹ fún àlejò, ó jẹ ẹ́, ó gbàdúrà fún wa, ó lọ.

A ti kó sínú ilé náà nígbà tí ọkọ mi ṣubú níbi iṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Eccles. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló ya lu ọpọlọ rẹ̀. Kí n tó dé ọsibítù, ó ti lọ. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá rí i, kí Ọlọ́run má fi hàn án.

Àwọn oníṣẹ́ ìnṣọ́ránsì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n rí oògùn nínú ìwé rẹ̀, wọ́n ní ọkọ mi kò sọ òótọ́ fún àwọn, àwọn ò sì ní san nǹkan kan. Owó tí mò ń gbà níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó kò lè dá gbé mọ́gẹ́ẹ̀jì. Báǹkì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé pé àwọn máa gba ilé. Ọmọbìnrin mi, tó ń lọ sí yunifásítì, tó ń gbé ní Fallowfield, ló ní kí a fẹjọ́ alágbàtà sùn.

"Mummy, he saw the tablets. He moved them. Ó mọ̀."

Mo ní ṣé ọmọ ìjọ wa la fẹ́ fẹjọ́ sùn. Ó ní ṣé ìjọ ló máa bá wa san mọ́gẹ́ẹ̀jì.

A kọ ẹ̀sùn wa ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní alágbàtà ti fi fídíò kan ránṣẹ́ láti gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, pé òun fẹ́ kí n wò ó, kí n sọ ohun tí mo bá rí sí i. Orí pèpéle ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti ya á, ó ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé lè rí i.

Ọkọ mi ni. Ó di máìkì mú, ó ń jó, ṣòkòtò rẹ̀ tí mo ti ń sọ pé mo máa ká lẹ́sẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó ní, "Mo ti da gbogbo ẹ̀ nù!" Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí mò ń bá ṣẹjọ́ ló wá gbé e fún mi padà. Mo wò ó, mo tún wò ó, títí ojú mi ò fi ríran mọ́.

Obìnrin náà tún pè. Ó ní, "Ṣé ọkọ yín ń lo oògùn lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìgbàgbọ́ fún un, bí ẹni ń ṣàlàyé iyọ̀ fún ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí. Ó ní sùúrù, ó gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà ló ní alágbàtà sọ pé ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu ọkọ mi lójú gbogbo ìjọ lòun kọ sílẹ̀, pé òun ò mọ̀ pé ó ṣì ń lo oògùn kankan. Obìnrin náà ní òun gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọkọ mi sọ.

Bí mo bá ní òótọ́ ni, ọkọ mi á wà níbi tó wà pẹ̀lú iyì rẹ̀, èmi á sì kó ẹrù mi jáde. Inú bí mi sí ọkọ mi, kí n má parọ́. Mo sọ ọ́ sínú pé, ìwọ lo jó, èmi lo wá fi ìyókù sílẹ̀ fún.

"Ó ń lò ó," mo ní. "Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, èmi ni mo bu omi tó fi gbé e mì. Ike tó wà nínú rẹ̀ ni alágbàtà fi ọwọ́ sún."

"Ohun tó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe òótọ́ nígbà náà?"

"Kò tíì jẹ́ òótọ́."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà.

"Kì í ṣe òótọ́," mo ní.

A jàre. Wọ́n ní alágbàtà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún oògùn kò yẹ kó fi No síbẹ̀ láìbéèrè. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ alágbàtà san gbèsè ilé náà tán, kí wọ́n sì dá owó iṣẹ́ tó gbà padà. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún kan náà là ń sun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ wa pè mí. Kò bínú. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ọmọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, a ti yọ fídíò Dádì kúrò. Ẹ ti sọ fún wọn pé kì í ṣe òótọ́, a ò wá lè fi sílẹ̀ níta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí."

"Ó yé mi, sà," mo ní. "Ẹ ṣeun."

Mo wá a lórí fóònù mi, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó sínú ilé tó ti di tèmi pátápátá, kò sì sí ibì kan nínú rẹ̀ tí mo ti lè gbọ́ ohùn ọkọ mi.