Omi Nínú Yàrá Gbígbẹ

Ọdún tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo wà ní yunifásítì ní Kùmásí, mo ń gbìyànjú láti ṣe ohun kan tí kò lè rí omi kí ó má gbiná. Mo ti kọ ìtàn yìí rí, mo sì fà á ya, nítorí àbúrò mi obìnrin sọ pé àárọ̀ ni bàbá wa wá bá mi níbi iṣẹ́, èmi sì rántí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lára ìgò. Bóyá oòrùn ọjọ́ mìíràn ni mo gbé wọ inú ọjọ́ yẹn.

Báríọ́mù ni ohun náà. Irin ni, ó rọ̀ díẹ̀, ó máa ń dán bí fàdákà nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, kò sì ní pẹ́ dúdú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rì í sínú òróró. Iṣẹ́ mi ni láti so ó mọ́ kábọ́ọ̀nù. Ìyẹ̀fun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde burú ju irin náà fúnra rẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ lásán lè dáná sí i, omi ń mú un hó, èyí tí ó bá sì yòrò sínú omi náà di májèlé tí ó lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Bẹ́ẹ̀ ni báríọ́mù yìí kan náà, bí a bá so ó mọ́ ohun mìíràn tí kò jẹ́ kí ó yòrò, ni wọ́n ń pò bí ẹ̀kọ mímu fún aláìsàn kí wọ́n tó ya àwòrán ikùn rẹ̀ ní ọsibítù. Ìwúlò tí olùkọ́ mi ń lé ní tirẹ̀ ni rọ́bà. Díẹ̀ lára ìyẹ̀fun náà lè mú kí gáàsì kan tí ń ti inú epo rọ̀bì wá so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, títí yóò fi di rọ́bà líle.

Kùmásí kì í ṣe ìlú fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní àkókò òjò, ògiri pàápàá ń làágùn. Ìgò tí a yan gbẹ nínú ààrò, kí a tó gbé e dé orí tábìlì, ìrì ti bò ó. A kò ní àpótí olówó gọbọi tí wọ́n ń lò ní òkè òkun. Káfíńtà kan ní àdúgbò Krofrom ni ó fi pákó àti gíláàsì ṣe tiwa, tí a há ìbọ̀wọ́ gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a sì ń tú náítírójìn, gáàsì tí kì í bá báríọ́mù wa jà kíákíá, kún inú rẹ̀. Nítorí náà ọyẹ́ ni a ń dúró dè. Bí ètè wa bá ti ń là, a mọ̀ pé iṣẹ́ yá. Ọdún yẹn, ọyẹ́ tètè dé, tàbí kí n kàn máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun àti àṣẹ ìjọba dé pọ̀ nínú ọkàn mi.

Olùkọ́ mi, ọmọ Àṣáńtì tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣe òfin kan ṣoṣo fún yàrá náà: omi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kí ó jáde. Nígbà tí àṣẹ náà dé, ó sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ lè gba ìwé ìgbélùú fún mi bí bàbá mi bá yọ̀ǹda. Mo fẹ́ dúró. N kò ní ìgboyà láti sọ ọ́ nílé.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Race Course, ó sì ti ń gbé àdúgbò Asawase kí wọ́n tó bí mi. Ó wá mú mi bá wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nítorí wọ́n ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, ìyá mi sì ti di ẹrù. Olùkọ́ mi rí àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó fún un ní àga, ó jáde, ó sì gbé ife omi wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtì, a kì í bi àlejò ní amanneɛ, ìyẹn ohun tí ó gbé e wá, kí ó tó mu omi. Ẹni tí ó ṣòfin ni ó gbé omi kọjá níwájú mi. Mo yà fún un lọ́nà. Bàbá mi ni àlejò náà.

Bàbá mi ní Bísímílà, ó mu ún. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ó ti bá àwọn onílùú gbé láti ìgbà èwe, ó wá ibi tí yóò da ìṣẹ́kù rẹ̀ sí nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Kò fẹ́ fi omi ba ilẹ̀ oní-símẹ́ǹtì àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ́. Ó rí abọ́ iyanrìn kan lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó sì rọra da omi náà sí i. Inú iyanrìn yẹn ni a kó àwọn èérún báríọ́mù sí, pé a ó fi sípíríìtì pa agbára wọn tó bá yá.

Ó kọ́kọ́ ta bí epo gbígbóná. Lẹ́yìn náà iná yọ, ó ní àwọ̀ ewé, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Korobá iyanrìn gbígbẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnìkan gbé e, ó sì dà á bo iná náà títí ó fi kú. Mo ní ẹnìkan. Bí mo bá di ojú, mo rí ọwọ́ ara mi létí korobá. Mo sì tún rí ọwọ́ olùkọ́ mi, pẹ̀lú aago rẹ̀, tí iyanrìn ń ṣàn lórí rẹ̀. N kò mọ èwo ni mo rí, èwo ni mo fẹ́ rí.

Olùkọ́ mi ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pe bàbá mi ní Papa léraléra. Bàbá mi ní òùngbẹ ń gbẹ iná wọn ju òun lọ.

A bọ́ sí fàráńdà. Olùkọ́ mi sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú náà fún un ní Twi, èdè àwọn Àṣáńtì. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, “Òun nìkan ni ẹ máa gba ìwé fún. Ìyá rẹ̀ tí wọ́n bí sí Kùmásí níbí ńkọ́?” Olùkọ́ mi wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá mi wá bi mí pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tó wà nínú àpótí bí mo bá tẹ̀ lé òun. Mo ní a ó fi sípíríìtì pa á díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́, iṣẹ́ náà yóò sì di ọyẹ́ mìíràn. Ó bèèrè ẹni tí yóò ṣe é nígbà náà.

Nígbà tí bàbá mi tún sọ̀rọ̀, Yorùbá ni ó sọ, kí olùkọ́ mi má baà gbọ́.

“Dúró kí o parí rẹ̀. Mo ń wò ọ́ nídìí iná yẹn, ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n nídìí ohun tó lè pa á, èmi kọ́ ni yóò fà á kúrò níbẹ̀.”

A rí ìyẹ̀fun náà ṣe kí ọyẹ́ tó lọ. Kò kún ṣíbí kékeré. A dí i sínú ìgò, ó funfun, ó sì pé. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé bí ó ti rí. Ohun tí n kò gbàgbé ni Race Course ní òwúrọ̀ tí wọ́n lọ, ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹní àti abọ́ kún, àti ìyá mi lókè ẹrù, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀ kí ìyá mi tó tẹ orí ba sí mi.

“Bàbá ẹ ní ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n,” ó ní. “Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.” Lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú Twi bí ó ti máa ń ṣe bí inú bá ń bí i, ó ní kí n sọ òtítọ́.

Mo ní, “Kò gbọ̀n, Màámi.”

Ó wò mí títí ọkọ̀ fi ṣí, ó sì tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára pákó ọkọ̀ tí ó dì mú. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé n kò mọ̀ bóyá ó gbọ̀n. Nítorí pé òun gbà á gbọ́ ni ó ṣe lè lọ. Èmi ṣì ń wá ọwọ́ tí ó gbé korobá náà.