Ìkòkò Ewé Ìyá Lebang

Aládùúgbò mi ni Ìyá Lebang. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó fa ọmọ rẹ̀ àti abo ẹlẹ́dẹ̀ kan lọ́wọ́, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú. Ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà kì í tọ́ ọ.

Nígbà tí bàbá náà dákẹ́, a ò tíì sin ín. Ní ilẹ̀ Toraja tiwa, ẹni tí a kò tíì sin, àìsàn ló ń ṣe é. Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, Ìyá Lebang ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìsìnkú di ẹ̀yìn ìkórè. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹran wá, a ó pe orúkọ rẹ̀ sétí gbogbo ìlú. Èyí tí kò bá mú nǹkan wá, ẹ̀yìn ẹlòmíì ni yóò jókòó sí.

Abo ẹlẹ́dẹ̀ bímọ lákòókò yẹn. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Lebang, Paliling, gbé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ inú àpò wá láti ìlú Makasar tó ń gbé, ìyẹ̀fun tó kúnná bí àtíkè.

"Àbúrò, yéé se ewé fún wọn. Èyí ni kí o máa fún wọn, kí wọ́n tètè sanra. Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ajẹko la fẹ́ fi sin bàbá ni?"

Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Ìyá Lebang gbà. Ó já àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú kíákíá, ìyẹ̀fun nìkan ló ń fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń dán. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé, funfun bí omi ìrẹsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Paliling ní: "Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Màá ra ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan. A ó pe orúkọ rẹ mọ́ tèmi."

"Mọ́ tiyín? Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń rún ìrẹsì fún bàbá nígbà tí eyín wọn tán. Níbo lẹ wà?"

"Mò ń wá owó."

"Ẹ padà lọ wá a."

Ó gbé ìkòkò kaná. Ó rẹ́ ewé ọ̀dùnkún àti àárín igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sè é títí ó fi rọ̀, ó po èèrí ìrẹsì mọ́ ọn, ó wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i. Ẹ̀rù bà mí.

"Ìyá Lebang, ewé fún ohun tó ń ṣu omi? Ṣé o fẹ́ pa ìyókù ni?"

Ó yíjú sí mi: "Bàbá, ọlọ ni ìfun. Tí kò bá rí nǹkan lọ̀, ara rẹ̀ ni yóò máa lọ̀."

Mo bá tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í dí ìgbẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, òmíràn tún kú. Paliling rẹ́rìn-ín. "Ewé rẹ ti ṣiṣẹ́!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó sáà ń se é. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdí wọn ń gbẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu ìgbẹ́ wọn sórí ewé, ó gbé e tọ Paliling lọ.

"Ẹ wò ó. Ó ti dì."

"Gbé e kúrò! O ò rí i pé mò ń jẹun?"

"Mo rí i. Ẹ wò ó dáadáa."

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Wọ́n so èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà mọ́ ọparun, wọ́n gbé e wọ agbo. Paliling ti bá olùkéde sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Olùkéde náà gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sẹ́nu: "Ẹlẹ́dẹ̀ láti ọwọ́ Paliling àti àbúrò rẹ̀—"

Ìyá Lebang dúró sí àárín ọ̀nà. Àwọn tó ru ọparun ò lè kọjá. Ẹlẹ́dẹ̀ ń ké.

"Ta ló bọ́ ọ?"

"Ìyá Lebang, ìsìnkú là ń ṣe o."

"Bàbá mi lẹ ń sin. Tún un pè."

Paliling fà á láṣọ. "Kékeré ni, àbúrò. Gbogbo ìlú ń wò ó."

"Kí wọ́n máa wò ó. Kékeré ni. Tèmi ni."

Kò yẹ̀. Èjìká ń dun àwọn agbẹ́ran, wọ́n ń kùn. Olùkéde wo Paliling. Paliling wo ilẹ̀. Olùkéde wúkọ́, ó sì pe orúkọ kan ṣoṣo.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Lebang tó kúrò lọ́nà.