Aṣọ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kò Hun Tán

Ọmọ ìlú Òkàkà ni ọ̀rẹ́ mi. Kí àwọn ọdún 1970 tó kásẹ̀ nílẹ̀, èmi àti òun la jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìṣẹ́yìn. Òfì rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nígbà tí tíṣà wa ní kí oníkálùkù hun aṣọ kan fún àfihàn ìparí ọdún, èmi mú iṣẹ́ tó rọrùn. Òun da òwú aláró pọ̀ mọ́ funfun, ó ń fi ṣe ọnà kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun wá wò ó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àlejò dé fún àfihàn náà ni ibà dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé. Tíṣà ní kí n bá a parí aṣọ náà. Èyí tí mo hun kò gùn ju apá mi lọ.

Lọ́jọ́ àfihàn, obìnrin kan tó wá láti Ìbàdàn dúró síwájú aṣọ yẹn, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

"Ta ló hun èyí?"

Tíṣà ò sí nítòsí. Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà."

N kò mọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Ó fún mi ní àlùmọ́gàjí tuntun, ó sì ra aṣọ náà gbé lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ mọ́tò lọ sí Òkàkà láti lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ẹní ni mo bá ní títẹ́ lójúde wọn, àwọn àlùfáà ń ṣe àdúrà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sin ín.

Ìyá rẹ̀ fà mí mọ́ra. "Aṣọ yẹn ló ń béèrè títí. Ṣé ó parí?"

"Ó parí, mà."

"Ṣé wọ́n sọ pé òun ló hun ún?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí n bá òun gbé e wá, kí òun fọwọ́ kàn án.

Mo jẹ́wọ́ fún tíṣà. Kò bá mi wí. Ó wá obìnrin Ìbàdàn náà títí, kò rí i. Mo gbìyànjú láti hun irú aṣọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u. Ìparí rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Nígbà tó yá, mo padà lọ bá ìyá náà, mo sọ òtítọ́. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìwọ ì bá ti fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tí o kọ́kọ́ sọ, ọmọ mi."

Ó sì ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Mo dúró díẹ̀, kí n tó lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìṣẹ́yìn.