Kọ Ẹ̀yìn sí Agogo

Bíréèkì ni gbogbo Valdesabina ń pe Saturio Latorre, kò sì sí ẹni tó fi ìkà sọ ọ́ lórúkọ náà. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó páìnì bọ̀ nílé, igbe bíréèkì rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ gbé kọfí kaná, Saturio ti yọ lókè. Tó bá di ọ̀la, á wọlé." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ìgbà tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ kó tún rọra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ló máa ń bà á, kò sì fi í pamọ́. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, oje igi páìnì ló ń gbà bíi ti baba rẹ̀: á fi irin há èèpo igi, á so ìkòkò amọ̀ kékeré mọ́ ọn lára, oje á máa ro sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń lọ láti ìdí igi dé ìdí igi. Nígbà tó yá, ọjà oje kú, ilé púpọ̀ sì ti ìlẹ̀kùn pa. Ìgbà náà ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, àpò lọ́tùn-ún, àpò lósì, wọ́n ń béèrè ọ̀nà àfonífojì. Saturio di afinimọ̀nà. Iṣẹ́ náà yẹ ẹ́, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa rí òkúta tó fẹ́ já kí ó tó já.

Láti kékeré ni ẹ̀rù náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọkùnrin kan tó ń kiri aṣọ wá sí ìlú nígbà òtútù, ó tà díẹ̀, ó sì gba ọ̀nà àfonífojì lọ. Kò pẹ́ tí ìkùukùu fi bo ilẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó sọnù lè fi ohùn rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n lù ú títí ọwọ́ fi bó. Lọ́jọ́ kejì, orí ìbaaka ni òkú ọkùnrin náà gbà wọ̀lú, aṣọ ọjà rẹ̀ ni wọ́n sì fi bò ó. Saturio dúró ti ìyá rẹ̀, ó ń wo bàtà tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbaaka. Ó gbọ́ tí ẹnì kan rọra sọ pé, "Agogo wa ló tẹ̀lé." Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó létí. Láti ọjọ́ náà, ìlú kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni agogo Valdesabina ti ń purọ́. Lókè, nínú igbó páìnì, òtítọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí wọ́n ń pè ní Ìgbọ̀nwọ́, tí ògiri òkúta ẹfun ti ṣẹ́ bí apá, ògiri kan dí ohùn agogo, èkejì sì dá a padà. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlú wà, iwájú ni yóò sì ti gbọ́ agogo. Bó bá tẹ̀lé e, ọ̀nà ewúrẹ́ ni yóò gùn, èyí tó parí sórí pẹpẹ òkúta tí kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ àti igún lọ. Ọmọ Valdesabina kì í tíì ká eyín tán tí yóò ti máa fi kọrin ìṣeré: "Lókè, tẹ̀lé agogo, nísàlẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí agogo." Kò sẹ́ni tó ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Itziar kì í ṣe ọmọ Valdesabina. Ìyàwó Gonzalo, ọmọ Saturio, ni. Etí òkun lápá àríwá ni wọ́n bí i sí. Gonzalo ń wa ọkọ̀ agbégẹdú, ọjọ́ tó bá sinmi ni wọ́n ń rí i nílé. Itziar ló yàn láti dúró ti àwọn òbí ọkọ rẹ̀, kí ó lè gba iṣẹ́ afinimọ̀nà lọ́wọ́ Saturio nígbà tí orúnkún rẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, ẹ̀rù kì í bà á. Èyí gan-an ló ń ba Saturio lẹ́rù.

Ní oṣù kẹwàá, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn àlejò sì fẹ́ dé. Itziar ní òun á lọ wò bóyá òkúta ti já dí ọ̀nà. Orúnkún Saturio wú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò lè bá a lọ.

Casilda, ìyàwó Saturio, dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì àti sọ́sééjì lọ́wọ́. "Ìyàwó, kó èyí dání."

"Màmá, àpò ti kún! Tí mo bá tún gbé sọ́sééjì yín, kẹ̀kẹ́ á sọ fún mi pé òun ló kàn láti gùn mí."

"Ẹ̀yin ará etí òkun, ẹja ti jẹ́ kẹ́ ẹ tínrín jù. Kó o dání."

Saturio tẹ táyà wò, ó tún un tẹ̀. "Òkúta tó wà lábẹ́ ihò igún ń yọ̀ tó bá tutù. Ewé páìnì ilẹ̀ ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Bíréèkì ẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ fún."

"Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ lánàá."

"Màá sì tún sọ ọ́ lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ta agogo kékeré ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé orí àwọn igi páìnì mì, ó gbé òrùlé mì, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, Saturio kò rí ògiri òdìkejì àgbàlá mọ́. Ó gbé fóònù, ó pe Itziar. Kò wọlé. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nínú àfonífojì. Ó padà sínú yàrá tó ń kó irinṣẹ́ sí, ó ń lẹ táyà tí kò jò, kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe.

Nígbà náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Casilda ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, nítorí àlùfáà kì í wá déédéé mọ́. Ọkàn Saturio rọ̀. Ó ní, "Casilda mi, o ṣeun." Bí agogo ti ń dún, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ láìrò ó, bí ẹnu gbogbo ọmọ ìlú ti máa ń ṣe: "Lókè, tẹ̀lé agogo, nísàlẹ̀, kọ ẹ̀yìn..."

Ó gbé táyà sílẹ̀.

Ta ló kọ ọ́ fún Itziar?

Ó rántí gbogbo ohun tó ti kọ́ ọ: òkúta, odò, bíréèkì, ibi tí wọ́n ti ń bomi. Kò rántí pé òun kọ orin yìí fún un rí. Ta ni í kọ́ àgbàlagbà ní orin ọmọdé? Ó já síta, ó ń tiro.

Demetrio, tí wọ́n jọ gba oje igi nígbà kan, dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ọtí pẹ̀lú ife wáìnì. "Ẹ wò ó! Bíréèkì ń sáré! Ta ló tú u lára ẹ?"

"Demetrio, ṣé o bá Itziar sọ ọ̀rọ̀ Ìgbọ̀nwọ́ rí?"

"Èmi kẹ̀? Ọ̀rọ̀ kí ló wà níbẹ̀? Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ pé..." Ó dákẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kì í ṣe ibí ni wọ́n bí i sí."

"Kì í ṣe ibí."

"Olúwa o. Saturio, a tún ti ń lu agogo fún àlejò."

Saturio wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ gbá okùn agogo mú lókè ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. "Dá a dúró!"

"Ṣé orí ẹ pé? Ọmọ wà níta!"

"Ṣé o kọ́ ọ lórin náà?"

"Orin wo? Ìwọ àtòun lẹ jọ ń..." Casilda gbé ọwọ́ sẹ́nu. "Mo rò pé o ti sọ fún un."

"Èmi náà rò pé o ti sọ fún un."

Agogo tún dún lẹ́ẹ̀kan fúnra rẹ̀, ó sì dákẹ́. Casilda ṣì di okùn mú. "Tí a ò bá lù ú, kí ni ìwọ alára á fi mọ ọ̀nà?"

"Má lù ú, kódà tí n kò bá tètè dé. Má lù ú."

Ó gun kẹ̀kẹ́. Kò rí ju ìwọ̀n apá méjì lọ níwájú. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré, nítorí bí òun bá ṣubú, kò sí ẹlòmíràn tí orúnkún rẹ̀ ṣì lè dé Ìgbọ̀nwọ́ nínú ìlú arúgbó yìí. Ó fún bíréèkì, bíréèkì ń ké. Igi páìnì ń yọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèyàn tó dúró de nǹkan. Nígbà tí igi tán, ó mọ̀ pé òkúta ló kù, ó gbọ́ odò nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ìyẹ́ igún tí kò rí. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ bóyá yóò rí bàtà.

Ó dé Ìgbọ̀nwọ́. Òjìji kan kò sí níbẹ̀. Ó pariwo: "Itziar!"

Agogo kékeré dáhùn. Agogo kẹ̀kẹ́ ni, ó ń dún kíkankíkan, láti ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún. Ayọ̀ mú kí ó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró gbagidi. Bí ohùn agogo Itziar bá ń purọ́ fún òun, ohùn òun náà ń purọ́ fún un. Bó bá wà lórí pẹpẹ, inú afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ìpè òun.

"Má mira!" ó kígbe. "Jókòó sílẹ̀! Má wá bá mi! N kò sí níbi tó o ti ń gbọ́ mi!"

Kò tún sọ ohunkóhun mọ́. Ó fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Agogo kékeré ń pè é láti ìsàlẹ̀ odò, Saturio sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Kò sí ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ tó ṣe rí láyé rẹ̀. Bó ti ń gun ọ̀nà ewúrẹ́, ohùn náà ń jìnnà sí i. Ó ń rò ó pé: bí orin ọmọdé náà bá jẹ́ ìtànjẹ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé inú odò ló wà, tó ń kú lọ, tí baba ọkọ rẹ̀ sì ń rìn kúrò níbẹ̀? Lẹ́yìn náà ni ohùn Itziar dún, ó tínrín, ó ń sunkún: "Bàbá, ẹ má lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀!" Láti ẹ̀yìn náà ló ti wá. Ó fi ọwọ́ di etí méjèèjì, ó fi orúnkún rá lórí òkúta lọ sókè.

Ọwọ́ rẹ̀ kan táyà. Kẹ̀kẹ́ Itziar ni, àpò rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Òun alára jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi apá kan rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, ó ń fi ọwọ́ kejì ta agogo. Iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tán. Saturio kò sọ̀rọ̀ kó má baà ta gìrì. Ó kọ́kọ́ di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

Itziar kígbe, ó sì dìrọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Mò ń tẹ̀lé agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti súnmọ́ tòsí. Ó kàn ṣàdédé dákẹ́, mo bá dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ bíréèkì yín. Inú mi dùn, mo fẹ́ máa bọ̀ wá pàdé yín." Ó nawọ́ sí ibi tí kò sí nǹkankan. "Ibẹ̀ yẹn lẹ wà."

Ẹ̀yìn ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, lórí ìdí, bí ọmọ tó ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Itziar sílẹ̀ lórí pẹpẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ní ibi tábìlì, Casilda dín búrẹ́dì pẹ̀lú ááyù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó ń bu ún sí àwo Itziar bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Demetrio náà wá, ó kọ orin náà fún un. Saturio sọ ìtàn oníṣòwò aṣọ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan sọ ọ́ síta nìyẹn. Itziar gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá, kí ló tún kù tẹ́ ẹ ò tíì sọ fún mi?"

"Ó tán," ni Saturio wí.

"O ò sọ ti ìsun òkè," ni Casilda wí. "Tí omi rẹ̀ bá pọ́n, odò fẹ́ kún nìyẹn, a kì í gba etí odò lọ."

Demetrio ní, "Kò ha mọ ìyẹn ni? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n."

"N kò mọ̀ ọ́n," ni Itziar wí.

"Tí igún ò bá fò láàárọ̀ ńkọ́?" ni Demetrio tún bi í.

"N kò mọ ìyẹn náà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn lójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ẹnì kan ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnì kejì, ohun tí wọn kò mọ̀ pé àwọn mọ̀ ń jáde. Itziar ń gbọ́, ó ń béèrè. Saturio nìkan ló dákẹ́ nígbà tó yá. Ìkùukùu ṣì wà lójú fèrèsé. Èyí tí wọ́n ń sọ kò bà á lẹ́rù mọ́. Èyí tí kò sí ẹni tó máa rántí láti sọ ló ń wá kiri nínú ọkàn rẹ̀, kò sì rí i.